Ẹ Wọn Yàrá Kí Ẹ Tó Wọn Àpò

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a jáde nínú ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, baálé ilé kan ní Ògijo fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé àjọ tí òun ń dá láti ọdún tó kọjá ti bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun sì fẹ́ ra amóhùnmáwòrán tuntun, irú èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí a ń gbé kọ́ ara ògiri. Ó ní kí n bá òun dé ìsọ̀, kí àwọn ọlọ́jà má baà rẹ́ òun jẹ. Mo bi í pé, "Báwo ni ẹ ti fẹ́ kí ó tóbi tó?" Ó na apá rẹ̀ méjèèjì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ̀kan nínú àwọn akọrin lójú. "Íǹṣì 75 ni," ni ó wí. "65 ni ti ará iwájú ilé wa."

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò sì tí ì sọ̀rọ̀ kankan títí di ìgbà náà. Ó wá béèrè jẹ́ẹ́ pé, "Bàbá wọn, níbo ni a ó jókòó sí láti máa wò ó?"

Nínú ìbéèrè kúkúrú yìí ni gbogbo ọ̀ràn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ojú ògiri ra amóhùnmáwòrán: a ó wo bí ògiri ti fẹ̀ tó, a ó wo ohun tí àpò lè gbé, a ó sì yọjú wo ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ògiri kì í wòran. Ènìyàn tí ó jókòó lórí àga ni ó ń wòran, láti ibi tí ojú rẹ̀ wà ni ó sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wà lára àwọn tí ń pe ẹ̀rọ yìí ní àpótí Sátánì. Àwa ará Rẹ́mọ kò tilẹ̀ ní ẹnu àtisọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí kò tí ì sí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kankan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn àgbàlagbà tí ó wà láyé nígbà náà rántí bí ọmọdé àti àgbà ti ń kóra jọ sí ojú fèrèsé ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní i ní àdúgbò, tí wọ́n ń wo Mósè Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ láti ìta, tí ẹ̀rín wọn sì ń gba òpópónà kan. Ojú ẹ̀rọ ìgbà náà kò ju àwo ìjẹun ńlá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sẹ́yìn bí àpótí, wúwo sì ni. Kò sí ẹni tí ó ń ráhùn pé ó kéré. Èyí tí ó wà lóde nísinsìnyí fúyẹ́, ó tẹ́, ó sì lè fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Nítorí náà ni yíyàn rẹ̀ fi di iṣẹ́ ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo ya ilé àwọn tọkọtaya náà. Ilé wọn kò jìnnà sí títì tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù; ariwo ọkọ̀ àjàgbé ń gba ojú fèrèsé wọlé. Aránṣọ ni ìyá ilé, a kò sì wá ohun ìwọ̀n kiri. Láti ara ògiri tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ kọ́ títí dé ògiri ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Baálé ilé rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n fìríìsà tí ìyá ilé fi ń ta omi tútù àti ẹja wà lẹ́yìn àga, kò sì sí ibòmíràn tí a lè gbé e sí. Fìríìsà gba ẹsẹ̀ bàtà 2, àga sì gba tirẹ̀. Mo wá ní kí baálé ilé jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti àga gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí a na tépù láti iwájú orí rẹ̀ dé ibi tí ojú ẹ̀rọ yóò wà, ẹsẹ̀ bàtà 7 péré ni a bá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níhìn-ín. Íǹṣì tí àwọn ọlọ́jà ń dárúkọ kì í ṣe ìbú, kì í sì í ṣe gíga. Ìwọ̀n láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì ni. Èyí tí a pè ní 55 fẹ̀ tó íǹṣì 48, ó sì ga ní 27. Èyí tí a pè ní 75 fẹ̀ tó íǹṣì 65, ó sì ga tó 37. Bí ẹ bá fi ojú méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí i pé ti 75 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 55, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́nu ọlọ́jà kò ju 20 lọ tí ó fi lé.

Òfin tí mo ń lò rọrùn, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ẹ mú iye íǹṣì tí ó wà lára páálí, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Iye íǹṣì tí ẹ bá rí ni ó yẹ kí ó wà láàárín ojú yín àti ojú ẹ̀rọ. Fún 32, ó jẹ́ 48, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 4 gééré. Fún 43, ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Fún 55, ó jẹ́ íǹṣì 82 ààbọ̀, kò pé ẹsẹ̀ bàtà 7. Fún 65, ó ju 8 lọ. Fún 75, ó ju 9 lọ. Kì í ṣe òfin Mósè. Bí àwòrán bá mọ́ gaara, ènìyàn lè súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí kò bá mọ́, kí ó sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà 7 síwájú 75 yóò máa yí orí kiri bí ẹni tí ń wo ìjà láàárín ọjà, ojú rẹ̀ kò sì ní lè gba gbogbo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan.

Baálé ilé dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé 55 náà ni n ó wá gbé wọlé?" Ìyàwó rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó kàn ká tépù rẹ̀ jọ.

Ohun kejì tí a máa ń gbàgbé ni oúnjẹ tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ. Àwòrán ojú amóhùnmáwòrán jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn àmì tíntìntín, gẹ́gẹ́ bí òwú ti para pọ̀ di aṣọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní àmì 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró, èyí tí í ṣe 8,294,400 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí ń gba inú dikódà olówó pọ́ọ́kú wọlé ṣì ń fi àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́, tí kò ju 720 ní ìbú àti 576 ní òró, èyí tí í ṣe 414,720. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ náà ní àyè ogún, ẹyọ kan ni a sì fún un. Ó di dandan kí ó fi òye ara rẹ̀ méfò mọ́kàndínlógún tí ó kù. Lójú 32, ẹ kò ní mọ̀. Lójú 75, ojú oníwàásù yóò dà bí ẹni tí a ń wò nínú omi odò, bọ́ọ̀lù orí pápá yóò sì máa fa ìrù lẹ́yìn.

Àwọn kan yóò sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn yóò ti máa wò ó. Ó dára, àwòrán ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Netflix tìkára rẹ̀ sọ pé wákàtí kan àwòrán 4K lè jẹ dátà tó gígábáìtì 7, ti èyí tí ó rẹlẹ̀ sí i sì lè tó 3. Kí baálé ilé jókòó, kí ó ṣírò fíìmù oníwákàtí méjì kan pẹ̀lú iye tí ó ń ra dátà, kí ó tó fi ọwọ́ sọ àyà.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ bí ó ti rí: gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń tàn yanran lórí ògiri, ẹja aláwọ̀ mèremère ń lúwẹ̀ẹ́, òdòdó ń là, ó sì ń wu ojú bí èso igi ọgbà Édẹ́nì. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan. Àwòrán tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà wọ̀nyẹn, èyí tí ó mọ́ jù lọ ni wọ́n yàn, wọ́n sì fa ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ẹ̀rọ náà dé góńgó nítorí iná ìsọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ní yàrá yín lálẹ́. Mo ti fi àwòrán ìgbéyàwó kan àti ègé ìròyìn kan tí a gbà láti inú dikódà sínú fíláàṣì, mo sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà pé kí ó fi í sí ẹ̀rọ mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó kọ́kọ́ lọ́ra. Nígbà tí ó fi í sí i, ọ̀kan nínú àwọn tí baálé ilé ti ń fi ojú fẹ́ láti ìgbà tí a wọlé sọ aṣọ funfun ìyàwó di àwọ̀ búlúù, ó sì sọ ojú àwọn ènìyàn dúdú inú àwòrán di òkùnkùn tí kò ní imú. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe fún ilé Yorùbá ni ó ṣe yẹn!

Lẹ́yìn náà, mo ní kí ìyá ilé lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Ní ilé wọn, orí ẹní ní apá òsì ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, kì í ṣe iwájú gan-an. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí àwòrán wọn máa ń ṣá bí aṣọ tí oòrùn jẹ bí ẹ bá ti kúrò ní ọ̀gánrán wọn; àwọn mìíràn kì í ṣá púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú wọn kì í dúdú tó ti àkọ́kọ́. Inú yàrá tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjú sí ẹ̀rọ, ẹ mú ti àkọ́kọ́. Inú yàrá tí ènìyàn pọ̀ bí tiwa, ẹ mú ti èkejì. Ẹ tún fi àwòrán funfun báláú kan sí ojú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá àbàwọ́n tàbí àmì dúdú kan wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ní ti tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń lọ rà ní Aláàbà ní Ọ̀jọ́, mi ò sọ pé kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú kí ẹ sì kà á. Bí ẹ bá rí i pé 120 fóòltì nìkan ni a kọ síbẹ̀, iná wa yóò jó o, àfi tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí ń rẹ iná sílẹ̀. Bí ẹ bá rí 100 sí 240, ẹ̀rù kò bà yín. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ìlànà tí wọ́n fi ń gba àwòrán láti afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe DVB-T2 tí Nàìjíríà yàn, nítorí náà ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà fúnra rẹ̀. Dikódà ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí láé.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan náà ni ẹ ó ti rí iye wáàtì tí ó ń jẹ. Èyí tí a yàn jẹ́ 100 wáàtì. Ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, wákàtí 10 ni yóò fi jẹ yúníìtì kan, nígbà tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 máa ń jẹ ẹ́ ní wákàtí kan. Nígbà tí ìjọba gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Ẹ̀ka A sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹni tí ó bá wo irú ẹ̀rọ yìí fún wákàtí 5 lálẹ́ kan yóò san náírà 112 àti ààbọ̀. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí padà. Kì í ṣe jíjẹ iná ni ó ń pa amóhùnmáwòrán ní ọ̀dọ̀ wa, bí kò ṣe bí iná ti ń dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ẹ̀tọ́ lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ojú gíláàsì. Bí gíláàsì bá sì ti bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun.

Nígbà tí a sanwó tán, awakọ̀ kórópe kan fẹ́ tẹ́ páálí náà sílẹ̀ lábẹ́ àwọn àpò ìrẹsì. Mo kígbe. Èmi tìkára mi ti gbé ọ̀kan wálé bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a tú u, ojú rẹ̀ ti sán láti igun dé igun bí ilẹ̀ ọ̀dá, kò sì sí ẹni tí mo lè bá ṣẹjọ́, nítorí mo ti fọwọ́ sí i pé ó dára nígbà tí mo gbà á. Òró ni a ń gbé e, kì í ṣe ìbú, kí ènìyàn méjì sì dì í mú. Baálé ilé àti èmi ni a dì í mú dé Ògijo, tí a ń fò pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo kòtò.

Ìyókù owó àjọ náà wà lọ́wọ́ ìyá ilé. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé àkọ́bí wọn yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún tí ń bọ̀, àti pé bí a bá ti ra 75, díẹ̀díẹ̀ ni wọn ìbá máa san ìyókù fún oṣù mẹ́fà. Obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ó ti béèrè ibi tí wọn yóò jókòó sí.

Káfíńtà ni ó kàn. Ó fẹ́ gbé e sókè bí àwòrán bàbá ńlá, lẹ́bàá àjà. A kọ̀. Àárín ojú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó bá ojú ẹni tí ó jókòó dọ́gba, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ sí ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn yóò máa dun ni. Ẹni tí yóò bá gbé e ka orí tábìlì dípò ògiri, kí ó kọ́kọ́ wọn àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, nítorí ìpẹ̀kun apá ọ̀tún àti òsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí, tábìlì àtijọ́ kì í sì í gbà wọ́n. Kí ó sì fi okùn líle dì í mọ́ ògiri. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn a máa di etí tábìlì mú láti fi dìde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wó lu àwọn ọmọdé pa ní onírúurú ilẹ̀ láyé. Èyí ni mo fi ohùn líle sọ jù lọ ní ilé náà, nítorí ọmọ ẹ̀yìn ìyá ilé kò ju oṣù mọ́kànlá lọ.

Wọ́n fẹ́ẹ́ pa àkókò àdúrà ilé dà nítorí ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Nígbẹ̀yìn, ìyá ilé fi aṣọ kan tí ó rán bo ojú ẹ̀rọ náà, wọn kì í sì í ṣí i títí àdúrà yóò fi parí. Mo gbọ́ pé ọmọ kejì ni ó ń kánjú sọ "Àmín" jù lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ bátìrì. Baálé ilé ní ínfátà pẹ̀lú bátìrì kan, kí wọ́n lè máa wòran nígbà tí iná bá lọ. Bátìrì náà ti rẹ̀, ó sì ti ń ronú àtitá a fún àwọn tí ń ra àlòkù kiri. Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ó fi ara balẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí bí Ògijo. Ní ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti àwọn akọ̀ròyìn The Examination gbé e jáde fún gbogbo ayé pé òjé láti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù ní àgbègbè yìí ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò, ọmọdé pẹ̀lú wọn. Òjé nínú ara ọmọdé a máa ba ọpọlọ jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Mo gbà á níyànjú pé kí ó dá bátìrì náà padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ta tuntun fún un, kí ó sì béèrè ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ tàbí da omi inú rẹ̀ sí àgbàlá tí adìyẹ ti ń jẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni amóhùnmáwòrán wọn àtijọ́, ẹlẹ́yìn gígùn, tí wọ́n ti rà kí wọ́n tó bí àkọ́bí. Òjé wà nínú gíláàsì irú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onírin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Òòlù ni wọ́n mú lọ́wọ́, bàbà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́, ìyá ilé sì lé wọn. Ó wà ní kọ̀rọ̀ fàrándà lónìí, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ ní odidi.